Ilé gíláàsì fún àkeekèé aṣálẹ̀

(Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, láti inú fóìsì nóòtù márùn-ún tí Alàgbà Onígíláàsì fi ránṣẹ́ láti Kánò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé fóìsì, àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà.)

Fóìsì kìíní

Mo gbọ́ ohùn tí Bàbá Ìbejì fi ránṣẹ́ láti Sókótó lálẹ́ àná, mo sì rí fọ́tò tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní kó da kẹrosíìnì sí i, ẹnì kan tiẹ̀ ní kó pe pásítọ̀ àti àfáà pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni bàbá náà béèrè, ilẹ̀ sì mọ́ láìsí ẹni tó dá a lóhùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, rí àkeekèé kan lábẹ́ òkúta lẹ́yìn ilé ìwé. Ó gbé e wálé, ó ń sìn ín nínú ike bọ́tà tó fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ike náà wà, nínú yàrá tí òun àti àwọn ìbejì ń sùn, àwọn ìbejì ọ̀hún ò sì tíì pé ọdún méjì. Bàbá fẹ́ pa á, ọmọ ń sunkún, ìyá ní kí nǹkan náà kúrò nínú ilé òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá wá ní, ẹ̀yin ará, ṣé èèyàn lè sin nǹkan yìí láìséwu ni, àbí kí n kàn pa á kí ọ̀rọ̀ tán?

Ohun tí mo máa sọ ni pé ó dá lórí irú èyí tó jẹ́, lẹ́yìn náà ó wá dá lórí ilé tí ẹ bá kọ́ fún un. Ike bọ́tà kì í ṣe ilé, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀ láti àárọ̀ pé ọmọ tàwọn náà ní ọ̀kan nínú gọ́rọ́bá tàbí nínú ìgò Bournvita. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Bàbá Ìbejì nìkan.

Ẹ ó ní kí ni onígíláàsì mọ̀ nípa àkeekèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gé gíláàsì ní Sábọ́n Gàrí níbí. Mo ń ṣe fèrèsé, mo ń ṣe ṣókéèsì, mo sì ń ṣe àpótí ẹja. Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, olùkọ́ yunifásítì kan wọlé, ó ní kí n ṣe àpótí fún òun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹja. Ó ní ti kunama. Mo ní, kunama tí gbogbo wa mọ̀ yìí náà? Ó ní òun náà ni. Mo gba àbọ̀ owó sílẹ̀, mo ṣe é. Àpótí àkọ́kọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kó dá wàhálà sílẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni. Mo máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá oníbàárà yìí lóhùn.

Fóìsì kejì

Mo ti dé. Ẹ má bínú.

Ká tó sọ̀rọ̀ àpótí, ẹ wo ẹni tó máa gbé inú rẹ̀. Irú àkeekèé tó wà láyé ju 2,000 lọ. Gbogbo wọn ló ní oró, ṣùgbọ́n àwọn tó lè pa èèyàn kò pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nínú àwọn díẹ̀ tó ń pani yẹn, àwọn kan jẹ́ ti Sàhárà àti etí rẹ̀, ìyẹn ni pé apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe apá Ìbàdàn.

Olùkọ́ yẹn kọ́ mi ní bí mo ṣe máa wò ó. Ẹ wo ọwọ́ méjì tó wà níwájú, èyí tó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ẹ tún wo ìrù. Tí ọwọ́ bá nípọn bíi ti akàn, tí ìrù sì tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ ló gbójú lé, oró rẹ̀ kì í sábà le. Tí ọwọ́ bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, tí ìrù wá nípọn tàbí tó gùn, ẹ sá. Oró ni ẹni yẹn fi ń jẹun. Kì í ṣe òfin tí kò lè yẹ̀ o, àmọ́ tí ẹ bá máa ṣìnà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ lápá ìbẹ̀rù.

Àwọn méjì tó burú jù tí orúkọ wọn máa ń jáde ni Leiurus, tó ní àwọ̀ bí iyanrìn, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, àti Androctonus, tí ìrù rẹ̀ nípọn bí ìka àgbà. Ẹ má sin àwọn wọ̀nyí. N kò fẹ́ gbọ́ pé àpótí lágbára. Èmi ni mo ń ṣe àpótí, èmi ni mo ń sọ fún yín pé gíláàsì ń fọ́.

Èyí tí olùkọ́ yẹn ní jẹ́ ti ìdílé tí wọ́n ń pè ní Scorpio. Àwọ̀ ilẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ nípọn, kò gùn ju ínṣì mẹ́ta lọ, inú ilẹ̀ líle ló máa ń wa ihò sí. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, Scorpio maurus, àwọn tó ń sin àkeekèé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń rà lọ́hùn-ún ni Hadrurus arizonensis, onírun, ti aṣálẹ̀ Arizona. Ìyẹn tóbi ju ti olùkọ́ lọ, ó lè gùn tó ínṣì márùn-ún, òun náà a máa wa ihò. Ilé tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí bá irú wọn mu, ẹ kàn ní láti fẹ̀ ẹ́ sí i fún ti Arizona.

Kò bá ti ilé wa mu o. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko, ẹ mọ àkeekèé dúdú ńlá inú igbó, tó ń dán bíi bàtà tuntun. Pandinus imperator ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọ̀rinrin nìyẹn ń fẹ́, ewé jíjẹrà, ilẹ̀ tútù. Tí ẹ bá fi í sínú àpótí gbígbẹ, ó máa kú. Tí ẹ bá fi ti aṣálẹ̀ sínú àpótí tútù, òun náà máa kú, ara rẹ̀ á máa hu èébú dúdú dúdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kà nípa ọ̀kan, wọ́n wá ṣe é fún èkejì. Níwọ̀n ìgbà tí oníṣòwò sì pọ̀ níbí, mo fi èyí kún un: dúdú ńlá yẹn ni wọ́n ń kó láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà lọ tà fún àwọn òyìnbó tó ń sìn ín. Láti 1995 ló ti wà nínú ìwé kejì àdéhùn CITES, kò sì gbọdọ̀ kọjá bọ́dà láìní ìwé àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ èrè tàn yín.

Bàbá Ìbejì, fọ́tò yẹn ṣókùnkùn, ike ló sì bo ìrù rẹ̀. Ẹ gbé ike náà sí ìta, ẹ má ṣí i, ẹ ya á láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kó wà ní ìta, lórí nǹkan gíga. Kó má padà sínú yàrá yẹn.

Fóìsì kẹta

Ó yá, àpótí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, bí àpótí ẹja ni mo ṣe ṣe é, torí ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé tí a bá ń ṣe àpótí ẹja, a máa ń fa sílíkọ́ọ̀nù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú, a fi ìka fà á kó tẹ́, kí omi má bàa jò. Mo fà á dáadáa. Mo wá fi pátákó fẹ́lẹ́ ṣe ìdérí, mo kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí àárín rẹ̀, mo gbé e lé e lórí. Ó rẹwà. Mo gba owó mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ni olùkọ́ pè mí. Ó ní àpótí wà, iyanrìn wà, oníilé ò sí nílé.

Mo sáré lọ. A wá inú bàtà, a wá ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, a gbọn aṣọ ìkélé. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sílé aládùúgbò, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Títí di ọ̀sán a ò rí nǹkan kan. Olùkọ́ wá bi mí pé, onígíláàsì, ṣé o ní iná tí ẹ fi ń yẹ owó wò ní ìsọ̀? Mo ní mo ní in. Ó ní kí n gbé e wá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin ará, gbogbo ẹni tó ń gba owó ńlá nínú wa ló ní iná yẹn, èyí aláwọ̀ àlùkò tí a fi ń mọ ayédèrú. Ara àkeekèé máa ń tàn lábẹ́ rẹ̀. A pa gbogbo iná ilé, mo tan tèmi, mo ń rìn díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ àpótí ìwé, nínú igun, mo rí i: ewéko tútù, bí iná tó wà lójú fóònù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju iná náà sílẹ̀. Olùkọ́ fi ife bò ó, ó ti páálí sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e padà.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan níbẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé ní apá òkè yìí, tí ẹ sì ní iná yẹ̀wówò, ẹ fi í wo yàrá yín lálẹ́, pàápàá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ibi tí ẹ ń kó bàtà sí, yálà ẹnikẹ́ni ń sin nǹkan kan nílé yín tàbí kò sìn ín. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ kì í tàn títí ara rẹ̀ á fi le, nítorí náà ẹ ṣì gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

A wá jókòó ti àpótí náà, a ń wò ó bí yóò ṣe ṣe é. Àkeekèé kì í lè gun gíláàsì tó mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò rí ohun tó máa dì mú. Ó rìn yíká, ó dé igun, ó fi èékánná ẹsẹ̀ sí sílíkọ́ọ̀nù mi, ó fi ìrù ti ara rẹ̀ lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè bí ẹni tó ń gun àkàbà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló di àkàbà fún un. Tó bá dé òkè, pátákó tí kò ní ìkọ́ ló ń dúró dè é.

Torí náà, bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Inú ojú àlẹ̀mọ́ nìkan ni sílíkọ́ọ̀nù máa wà, láàárín gíláàsì méjèèjì. Èyí tó bá yọ sínú, mo fi bíléèdì gé e kúrò títí ìka mi ò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àpótí yìí ò ní gba omi, kí ni mo ń fa sílíkọ́ọ̀nù sí i fún? Tó bá ń fẹ́ okun sí i, ìta ni mo ti máa fi áńgù alumíníọ̀mù gbá a mú.

Fún èyí tó gùn ní ínṣì mẹ́ta, mo máa ń ṣe ínṣì 14 ní gígùn, ínṣì 10 ní fífẹ̀, ínṣì 14 ní gíga. Ẹ ó ní gíga yẹn pọ̀. Iyanrìn máa jẹ ínṣì mẹ́fà nínú rẹ̀. Èyí tó kù, láti ojú iyanrìn sí ìdérí, gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìrù nínà tán. Bí ẹ bá kó òkúta jọ sí igun kan, láti orí òkúta yẹn ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti orí iyanrìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe.

Ìdérí gbọ́dọ̀ jẹ́ férémù alumíníọ̀mù, kó ní híǹjì lẹ́yìn, kó ní ibi tí ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ sí níwájú. Kọ́kọ́rọ́ gidi, ọwọ́ àgbà ni kó sì wà. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti ẹ̀fọn, torí ìrẹ̀ tí ẹ máa fún un jẹ lè fi eyín gé ti ẹ̀fọn. Kí ihò rẹ̀ kéré ju orí ìṣáná lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé àkeekèé kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí. Abo tí ẹ bá mú nínú igbó lè ti lóyún. Ẹ kàn máa jí ní ọjọ́ kan, ẹ ó rí ọmọ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n funfun báláú lẹ́yìn ìyá wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á wà títí wọ́n á fi bọ́ awọ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kálukú á wá ọ̀nà tirẹ̀. Tí ihò bá tóbi, inú yàrá ni ọ̀nà yẹn máa já sí.

Isàlẹ̀ gíláàsì kó má dín ní mílímítà mẹ́fà. Iyanrìn tó máa wọ àpótí yẹn lè ju kìló ogún lọ. Ẹ gbé àpótí sí ibi tó máa jókòó sí kí ẹ tó da iyanrìn sí i, orí tábìlì tó dúró dáadáa. Mo ti rí ẹni tó gbé èyí tó kún, tí ìsàlẹ̀ já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Fóìsì kẹrin

NEPA ti mú iná, ẹ ó máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.

Iyanrìn. Ẹ má da iyanrìn lásán sí i. Aṣálẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn nínú fíìmù kọ́ ni àkeekèé yìí ń gbé. Ilẹ̀ tó le ló ń wa ihò sí, nínú igbó ihò yẹn lè jìn ju fítì kan lọ. Tí ó bá jẹ́ iyanrìn lásán, bó ṣe ń wà á ló ń wó. Mo máa ń ní kí wọ́n po iyanrìn ìwọ̀n mẹ́rin mọ́ amọ̀ pupa ìwọ̀n kan, iyanrìn tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti sá. Ẹ wọ́n omi sí i kó lè dì bíi ti alámọ̀ tó ń mọ ìkòkò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi igi ọmọrogùn dá ihò kan sí i ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ fún un. Ẹ wá fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ má fi àkeekèé sí i kó tó gbẹ. Kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀ o, kò sí ẹfun, kò sí iyanrìn aláwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́.

Òkúta tàbí àpáàdì tí yóò máa sá sí lábẹ́: orí gíláàsì ìsàlẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé òkúta lé, kí ẹ tó da iyanrìn yí i ká. Tí ẹ bá gbé òkúta lé orí iyanrìn, ọjọ́ tó bá wa ihò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òkúta á rì lé e mọ́lẹ̀. Àpáàdì fúyẹ́, ìyẹn lè wà lókè.

Ooru. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ra ẹ̀rọ ìmúgbóná, ẹgbẹ́ àpótí ló máa fi sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni àkeekèé máa ń sá lọ tí ooru bá mú un. Tí ooru bá wá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, níbo ló máa sá sí? Àwa níbí, òdìkejì ni ìṣòro tiwa. Ara rẹ̀ máa ń dára láàárín dígírì 25 sí 32. Òun tó jẹ́ ẹran aṣálẹ̀ náà, inú ihò ló ń lò ní ọ̀sán, kì í jáde nínú oòrùn. Gíláàsì tí oòrùn bá ń ràn sí, ààrò ni. Mo ti rí ẹja tó sè nínú àpótí tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní Kánò yìí, ní wákàtí méjì. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Nígbà ọyẹ́, tí òru bá tutù, kò ní í jẹun tó bẹ́ẹ̀, ẹ má dààmú.

Omi díẹ̀ ni, nínú ìdérí ìgò mínírà, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan tó, ẹ sì máa fọ ìdérí yẹn. Ohun tó ń jẹ ló ti ń rí omi jù. Kò gba fóòmù tàbí kànìnkànìn, ṣe ló máa ń kó ìdọ̀tí. Nígbà òjò, lóṣù kẹjọ, ẹ má fi aṣọ bo nẹ́ẹ̀tì òkè, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé.

Oúnjẹ: ìrẹ̀ kan tàbí tata kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ọ̀sẹ̀ méjì. Kó má tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Tí kò bá jẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, ẹ fi ẹ̀mú gígùn yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí àkeekèé bá fẹ́ bọ́ awọ, kì í jẹun, tó bá sì bọ́ ọ tán, ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìrẹ̀ lásán lè jẹ ẹ́ pa. Ó lè lo oṣù púpọ̀ láìjẹun, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ má mú aáyán inú ìsọ̀ fún un. Gbogbo wa la ń fín òògùn sí ìsọ̀, aáyán tó ti fara kan òògùn á pa á. Ẹ̀yin oníẹ̀wà tí ẹ ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì sí àpò, ẹ̀yin mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ má gbé àpótí yìí sí sítọ́ọ̀ yẹn, ẹ sì jọ̀ọ́, kí ọmọ tàbí ọmọ iṣẹ́ yín má sùn síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ń pa èèyàn. Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á padà.

Ọ̀kan péré nínú àpótí kan. Tí ẹ bá fi méjì síbẹ̀, ọ̀kan máa jẹ èkejì. Ẹ má fọwọ́ gbé e láé, ẹ máa rí àwọn tó ń ṣeré pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jà, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Ẹnì kan béèrè lánàá bóyá wọn ò kàn ní í gé ṣóńṣó ìrù náà kúrò. Rárá. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ihò ìgbẹ́ rẹ̀ wà, ní ìparí ìrù. Ẹ máa kàn fi oró pa á díẹ̀díẹ̀ ni. Tí ẹ ò bá fẹ́ ìrù rẹ̀, ẹ má sìn ín.

Fóìsì karùn-ún

Bàbá Ìbejì, mo ti rí fọ́tò tuntun. Ó ṣe kedere báyìí, ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ wò ó. Àwọ̀ iyanrìn. Ìrù rẹ̀ gùn. Ẹ wá wo ọwọ́ rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ìránpò ló rí. Mo fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ yẹn, ó ti dáhùn: ó ní òun ò lè fi fọ́tò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sun ilé tí ọmọdé wà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní gé gíláàsì fún èyí, kódà tí ẹ bá fún mi ní ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀.

Ẹ má ṣí ike náà. Ẹ gbé e bó ṣe wà sínú kòròbá jíjìn tó ní ìdérí, ẹ fi téèpù wé e. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e, kì í ṣe ọmọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má dá a padà sẹ́yìn ilé ìwé, àwọn ọmọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń gbé àti ibi tí Fúlàní ń da ẹran, ẹ fi igi gígùn ṣí i, ẹ yí i ṣubú, ẹ kúrò. Tí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn lónìí, ẹ pa á, mi ò ní bá yín jà. Kó sáà ti kúrò nílé lónìí. Lálẹ́, ẹ yá iná yẹ̀wówò lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ẹ wo gbogbo yàrá yẹn. Ihò ìṣó ni wọ́n lu sí ìdérí yẹn, tó bá ti bímọ nínú ike láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò mọ iye tó ti jáde.

Tí ó bá ta ẹnikẹ́ni, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́: ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ yọ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé e. Ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi okùn dè é, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi òkúta dúdú lé e kí ẹ wá jókòó. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá dákẹ́ ẹkún. Ara ọmọ kéré, oró náà ò kéré. Tí ẹ bá rí i tó ń làágùn kíkankíkan, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń yí, tí èémí rẹ̀ ń ṣòro, ẹ má dúró di àárọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní egbòogi tó ń pa oró yìí, ẹ tètè mọ èyí tó ní in ní ìlú yín, ẹ máa pè wọ́n lọ́nà kí ẹ tó dé.

Ẹ pe ọmọ náà wá sídìí fóònù kó gbọ́ èyí. Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì, o ò ṣe ohun burúkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi bọ́ ọ, tí kò kú, ọ̀pọ̀ àgbà ò lè ṣe é. Gíláàsì kan ṣẹ́kù lọ́dọ̀ mi, ínṣì 12 sí 8. Mo máa fi ṣe àpótí fún ọ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ Sókótó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìrẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sìn nínú rẹ̀. Tí ìrẹ̀ bá bímọ fún ọ, kí o pè mí.

Bàbá Ìbejì, owó ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ san.